Orúkọ Tí Mo Pè Níwájú Fèrèsé Tẹlifóònù

Bàbá mi ọlọ́wọ́ tútù,

Mo kí yín o. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó jókòó, kí ẹ má baà sọ pé ilé ọkọ ti gba ẹ̀kọ́ lára mi. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti ń kọ ọ́. Bí ìwé náà bá rí wúruwùru, ẹ foríjì mí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì báyìí, nítorí mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lójú títì, mo sì rò pé ẹni tó ń pín lẹ́tà ni. Oníbúrẹ́dì ni. Ìgbà kejì, oníbúrẹ́dì náà ló ń padà lọ.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Bùọ̀dá àgbà ló dúró ní ipò yín. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó wá gba àdúrà bàbá, àga yín ni wọ́n gbé síwájú mi, wọ́n sì fi fìlà yín lé e, èyí tó ti ṣá létí nítorí pé ẹ máa ń fi nu ojú. Mo kúnlẹ̀ fún fìlà. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn mi pé, ẹ wo bó ṣe ń sunkún, ó fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo ń dúró kí ọwọ́ tútù kan mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ni.

Ṣé ẹ rántí? Ẹ ó ti ẹnu iṣẹ́ dé, ẹ ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ ó rọra gba ẹ̀yìn mi yọ níbi tí mo bá ti ń fọ abọ́, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú mi lẹ́rẹ̀kẹ́, òtútù yìnyín á sì wọ̀ mí dé eyín. Màmá á pariwo pé ẹ fẹ́ pa ọmọ olọ́mọ. Ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó wá tú àpò ìdọ̀họ, ẹ ó fún mi ní èérún yìnyín tó kù ní ìdí rẹ̀, tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó tó lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí mo jẹ láyé tó dùn tó o.

Ara Màmá le. Kẹ̀kẹ́ yín wà lọ́wọ́ Bùọ̀dá, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ti kú. Bàbá Ẹlẹ́ja tí ẹ máa ń gbé yìnyín lọ pàdé wá síbi ìsìnkú yín, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ lọ, òun kò tíì gbọ́, òun dúró dè yín ní Ayépé títí ẹja fi rà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó dúró?

Ẹ kò mọ ọkọ mi. Èyí ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Inú ọyẹ́ lẹ lọ, ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi. Ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, òun náà kò gbọ́ tiyín. N kò sì lè ṣàdédé kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, kò sì gbọdọ̀ pe ti ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo sọ ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni mo ń pè ní Akọ̀wé Ilé. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Màámi. Bàbá rẹ̀ ti kú, bíi tiyín. Orúkọ bàbá náà wà lára ilẹ̀kùn ìta, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gbálẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mò ń fi ojú kà á, tí n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kà á.

Tíṣà ni ọkọ mi. Fisíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí kí yunifásítì kan lókè Ọya tó gbà á pé kó wá kàwé sí i. Ibẹ̀ ló wà, èmi wà lọ́dọ̀ Màámi, ó di ìgbà ìsinmi kí a tó ríra.

Nígbà Àjíǹde tó kọjá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ ẹ̀pà sísè. Mo bi í pé kí ni iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, nítorí àwọn obìnrin tí mò ń ránṣọ fún máa ń bi mí, mo sì máa ń sọ pé ìwé ni, wọ́n á ní ìwé wo, n kò ní rí nǹkan sọ. Ó pa ẹ̀pà kan. Wóró méjì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Wò ó," ó ní, "àwọn wóró ìmọ́lẹ̀ kan wà tí a lè bí pa pọ̀ báyìí, méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ, mo wá gbé èkejì lọ sókè Ọya. Bí o bá bi tìrẹ pé ṣé funfun ni ọ́ àbí dúdú, tó bá ní funfun lòun, tí èmi náà bá bi tèmi, funfun náà ló máa wí."

Mo ní, "Ṣebí bí ẹ̀pà náà ni. Bí wóró kan bá pupa, èkejì á pupa."

"Rárá o. Ẹ̀pà ti pupa nínú èèpo kí o tó pa á. Àwọn wọ̀nyí kò tíì ní àwọ̀ kankan. Ìgbà tí o bá bi í ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di nǹkan kan. Síbẹ̀, ìdáhùn àwọn méjèèjì á bára mu."

"Ta ló sọ fún èkejì?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìdìmọ́ra ló ń pe ohun tó so àwọn méjèèjì. Mo wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a máa fi rán iṣẹ́ síra wa, kí n má baà máa ṣọ́nà de lẹ́tà. Ó mi orí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè yan ohun tí wóró náà máa dáhùn, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè dì sínú rẹ̀. Bó ti wù kí ẹni méjì so mọ́ra tó, ọ̀rọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà. Bàbá, n kò tíì gbàgbé ìyẹn. Òun gan-an ló ń mú mi dìde lórí àga yìí.

Ó ní ohun tó le níbẹ̀ ni pé ìdìmọ́ra náà tètè ń bàjẹ́. Ooru díẹ̀, mìmì díẹ̀, ó ti tú. Wáyà gíláàsì kan wà tó tín-ín-rín bí irun orí, òun ni wọ́n fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn jù, ìmọ́lẹ̀ á sọnù sínú rẹ̀. Ohun tí òun ń wá ni bí ọ̀pọ̀ ìlú ṣe lè jọ pín ìdìmọ́ra láàárín ara wọn kí àsìkò tó kọjá lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é, orí ìwé lásán ni òun ti ń ṣe é, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan sì máa ń bú sẹ́rìn-ín bí òun bá dá a sílẹ̀.

Ó wá to ẹ̀pà sórí àpótí. Méjì láàárín ìlú kìn-ín-ní àti ìkejì. Méjì mìíràn láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ẹni tó wà ní ìlú àárín ló di ọ̀kan mú nínú tọ̀tún, tó di ọ̀kan mú nínú tòsì. Bó bá da méjèèjì pọ̀, tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tó sì ránṣẹ́ sọ ohun tó gbọ́, àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun, tí wọn kò rí ara wọn rí, á di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n bí tọ̀tún bá tètè dé tí tòsì pẹ́, tọ̀tún ti ń bàjẹ́ níbi tó ti ń dúró nìyẹn. Títí dìgbà wo ló yẹ kéèyàn dúró? Ìgbà wo ló yẹ kó sọ èyí tó ti pẹ́ nù, kó tún bẹ̀rẹ̀? Ìyẹn ni òun ń ṣírò.

"Ayépé!" Mo pariwo. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Màámi fèsì láti ìdí ààrò pé, "Kí ló ṣe ìyàwó? Ta ló ń lọ Ayépé lọ́sàn-án gangan?"

Mo wá sọ nípa yín fún un. Pé ẹ̀yin á gbé yìnyín láti Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá Ẹlẹ́ja á gbé ẹja tútù láti ìhà Ìbefun, ẹ ó pàdé lábẹ́ igi ní Ayépé. Yìnyín ń yọ́ bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹja ń rà bọ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀. Bó bá pẹ́ títí tí omi fi ń kán láti ìdí àpò sórí táyà, ẹ kì í bá a fà á. Ẹ ó tú àpò, ẹ ó fọ́ yìnyín náà fún àwọn ọmọ Ayépé kí wọ́n lá a, ẹ ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà lọ gbé òmíràn. Màmá máa ń sọ pé ẹ ń fi ọjà ṣòfò. Ẹ̀yin á ní yìnyín tó ti yọ́ kọjá ààlà kò lè gba ẹja là, ṣe ni àwọn méjèèjì máa jọ bàjẹ́.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní ó jọ ọ́, ó jọ ọ́ dáadáa, àyàfi pé yìnyín ti jẹ́ yìnyín kó tó kúrò nílé, àwọn wóró tòun kò sì tíì jẹ́ nǹkan kan títí èèyàn yóò fi bi wọ́n. Ó kó ẹ̀pà náà jọ, ó sì fún mi ní gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ká ní mo bá bàbá rẹ láyé ni." Ó wá ń wo ojú títì.

Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ fún un? Ẹ ìbá fi ọwọ́ tútù mú òun náà lẹ́rẹ̀kẹ́ bí?

Ọjọ́ tó ń padà ló gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, nínú gáréèjì, nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ kún. Ọ̀gá kan ní yunifásítì òkè òkun ti ka iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó wá ṣe é lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní yàrá fún tọkọtaya, wọ́n ní ti ẹni tó dá wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tó fẹ́ kí ọ́fíìsì tó ti ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí àwọn mìíràn ń dúró de àyè náà.

"Ṣé o máa bá mi lọ?"

Bàbá, mo ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Kọndọ́kítọ̀ kan ń lu ara ọkọ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín wọlé o, a kì í fi ìfẹ́ wa mọ́tò!"

"Má dá mi lóhùn báyìí," ó ní. "Rò ó. Ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin, mo máa jókòó ti tẹlifóònù ọ̀gá wa títí di márùn-ún. Tí n kò bá gbọ́ ohùn rẹ, á yé mi pé o fẹ́ dúró ti Màámi. Mi ò ní bínú. Màá kàn ní kí wọ́n fún mi ní ti ẹnì kan ni."

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé kì í ṣe pé mo ní ìdáhùn tí mo fi pa mọ́. Mo wo inú ara mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Kí ni màá máa bá àwọn ìyàwó òyìnbó sọ? Ta ni yóò máa fi òróró ra ẹ̀yìn Màámi bí ó bá ń dùn wọ́n? Ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ṣé nǹkan tó tètè ń bàjẹ́ kọ́ ni òun fúnra rẹ̀ sọ pé ó ń ṣírò? Mo rán apá aṣọ obìnrin kan ní òdì, mo tú u, mo tún rán an ní òdì.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún Màámi pé mo fẹ́ lọ bá Akọ̀wé Ilé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Wọ́n ti wé gèlè kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn náà fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Lójú ọ̀nà ni wọ́n wá ní, "Mo gbọ́ pé òyìnbó fẹ́ gba ọmọ mi. Ṣé wọ́n fẹ́ gba ìwọ náà?" Mo tún ìró mi ró. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi àti àwọn adìyẹ á máa bára wa sọ̀rọ̀."

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá èèyàn pe tẹlifóònù. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ó kó wáyà sétí, Sístà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nígbà tó kàn wá, agogo ara ògiri ti ń sún mọ́ márùn-ún. Mo ti ń wo bó ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ṣáájú wa. Ìjẹ̀bú-Òde á pe Ìbàdàn. Ìbàdàn á dì í mú, á pe Kàdúná. Kàdúná á wá pe ibi tí èèyàn ń lọ. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá pẹ́, èyí tó ti ṣí kò ní dúró, wọ́n á fà á yọ fún ẹlòmíràn, á sì di àtúnbẹ̀rẹ̀. Mo ń wò ó, omi ń kán sórí táyà lọ́kàn mi.

"Ìyàwó, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ mi ni, mà."

"Ojú yín ti sọ ìyẹn. Orúkọ ńkọ́?"

"Akọ̀wé Ilé ni, mà."

Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó dé fìlà gọ̀bì ní, "Sístà, ẹ bá a pè é o. Bí wọn ò bá rí Akọ̀wé Ilé, kí wọ́n fún un ní Akọ̀wé Oko."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn. Ìyàwó, ọ́fíìsì ọ̀gá kan lẹ̀ ń pè yìí, èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ta ni kí n ní kí wọ́n pè?"

Màámi ti gèlè wọn sẹ́yìn, wọ́n fi èjìká gbún mi kúrò lọ́nà. "Àkànní ni. Ẹ ní kí wọ́n bá wa pe Àkànní."

Sístà pe Ìbàdàn, ó pe Kàdúná, ó ń sọ òyìnbó, ó dúró, ó tún sọ òyìnbó. Lẹ́yìn náà ó yọ wáyà. "Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àkànní lọ́dọ̀ wọn."

"Ta ló ní kò sí?" Màámi kọjú sí i bí ẹni tí wọ́n bú. "Mo ṣáà bí i!"

"Ẹ bí i, Màmá. Ṣùgbọ́n oríkì nìyẹn. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni mò ń bèèrè, èyí tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ bàbá ẹ̀."

Màámi yí padà. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Bàbá, ìyàwó ilé kan náà ni àwa méjèèjì. Màámi náà kò pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ wọn wọlé. Ara ilẹ̀kùn ló wà, a jọ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tó lè fi ẹnu kàn án nínú wa.

"Ìbàdàn ti ṣí padà," Sístà ní. "Kàdúná náà ti ṣí, wọn ò sì ní dì í mú fún mi. Ó ti fẹ́ẹ̀ lu márùn-ún. Ìyàwó, ṣé ẹ máa pè é, àbí kí n fún bàbá onífìlà yìí?"

Mo la ẹnu, orúkọ jáde. Tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, odindi, sókè, bí ìgbà tí tíṣà ń pe rẹ́jísítà. Títí Sístà fi bi mí, n kò mọ̀ pé mo máa pè é. Kò sí nínú mi tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè náà ló mú un wá.

Màámi ní, "Háà! Ìyàwó!" wọ́n sì ká ọwọ́ lérí. Gbogbo bẹ́ǹṣì kọjú sí mi. Sístà nìkan ni kò wo ẹnikẹ́ni, ó ń ké orúkọ náà sínú wáyà, ó ń pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún Kàdúná. Ó wá na nǹkan náà sí mi. "Ẹ gbà, ẹ gbà, ó wà níbẹ̀!"

Ariwo ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń dín àkàrà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́, ó jìnnà, ó tín-ín-rín: "Hẹ́lò? Hẹ́lò?"

"Èmi ni," mo ní. "Mo máa bá yín lọ. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ ní kí wọ́n fún wa ní ti ẹni méjì."

Nǹkan kan ha nínú wáyà. Ó dákẹ́. Sístà gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. "Ó ti já."

"Ṣé wọ́n gbọ́ mi, mà?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó, ìlú tó wà láàárín yín kò kéré. Èmi tí mo jókòó tì yín, mo gbọ́."

Agogo lu márùn-ún lórí wa.

Màámi ṣáájú nígbà tí à ń lọ sílé, wọn kò wẹ̀yìn. Mo ní inú ń bí wọn, mo ti fi ìtìjú kàn wọ́n lójú àwùjọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dúró.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Tún un pè."

"Kí ni, Màámi?"

"Orúkọ bàbá yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tó pè é sí mi létí mọ́. Àwọn ọmọ ń sọ pé Bàbá. Èmi ń sọ pé Bàbá Àkànní. Ó kàn wà lára ilẹ̀kùn ni, òjò ń nù ún."

Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, mo pè é. Wọ́n dẹ etí sí i bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó ṣì dùn," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n gbọn erùpẹ̀ lórúnkún mi. "Bá ọkọ rẹ lọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ á máa fi òróró ra mí lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ birikílà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣáà ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ojú títì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ti ṣẹlẹ̀. Ó ti sọ pé ẹni méjì, tàbí ó ti sọ pé ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ tirẹ̀, èmi nìkan ni n kò mọ̀. Ṣé ó gbọ́ mi? Ṣé ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí Ìbàdàn tó fà á yọ, àbí orí ilẹ̀ Ìlọrin kan ni ó bọ́ sí? Ṣé ó gbọ́ "èmi ni", kò wá gbọ́ èyí tó kù? Ẹ̀yin, tí kò sí wáyà láàárín wa rárá, ṣé ẹ gbọ́?

Mo ti gé aṣọ òtútù méjì, tirẹ̀ àti tèmi. Tèmi ni mo kọ́kọ́ rán. Màámi rí i, wọ́n ní ọwọ́ mi yá ju lẹ́tà lọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní níbi tí à ń lọ, yìnyín ń já bọ́ láti ojú ọ̀run láìsí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Bí mo bá dé ibẹ̀, màá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, màá dúró títí wọn yóò fi tutù, màá sì gba ẹ̀yìn ọkọ mi yọ sí i. N kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún un ṣáájú.

Ó ku ohun kan. Agogo kẹ̀kẹ́ tún ń dún lójú títì. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní dìde títí màá fi kọ ọ́ tán. Ẹ̀yin wà ní ìpẹ̀kun kan, òun wà ní èkejì, ẹ kò sì rí ara yín rí. Èmi ni Ayépé. Mo ti pe orúkọ rẹ̀ fún Sístà àti fún gbogbo ará bẹ́ǹṣì, mi ò lè fi du bàbá mi.

Bánkọ́lé ni. Bánkọ́lé Odùmúyìwá.

Bàbá, ọkọ mi nìyí. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi èérún yìnyín tọ́.